Tàdáà Tó Ṣẹ́ Kù Nínú Kùránì Bàbá

Ògbómọ̀ṣọ́.

Bùọ̀dá mi Rafíù,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le nílé, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi. Wọn kì í lo oògùn wọn mọ́.

Àwọn olùkọ́ kan tó ń ṣàyẹ̀wò tàdáà inú ìwé àtijọ́ wá wo Kùránì àfọwọ́kọ tí Bàbá fi sílẹ̀. Ẹ rántí ojú ewé Yásínì tó ṣófo, tí ẹ ní òjò ló pa á? Kì í ṣe òjò o. Wọ́n tan iná kan sí i, ni ọnà pupa àti tàdáà dúdú tó ti wọ inú ìwé bá tún hàn fírífírí. Wọ́n ní ńṣe ni ẹnì kan fọ̀ ọ́.

Ni Màámi bá bú sẹ́kún, wọ́n jẹ́wọ́. Nígbà tí oògùn ọsibítù ò ran àìsàn Bàbá mọ́, Màámi fúnra wọn ni wọ́n fọ ojú ewé náà bí àwọn àfáà ṣe ń fọ wàláà fún aláìsàn, tí wọ́n sì fún Bàbá ní omi rẹ̀ mu. Wọ́n tẹjú mọ́ ohun tí iná náà fi hàn, wọ́n ní, "Ó ṣẹ́ kù! Mi ò fọ̀ ọ́ tán! Ìdí nìyẹn tí Bàbá yín ò fi yè."

Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe ìyẹn ló pa Bàbá, wọn ò gbọ́. Ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí. Láàárọ̀ yìí, mo bá wọn nídìí abọ́ omi, wọ́n tún ń fọ ojú ewé náà láti fi omi rẹ̀ ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Ọlọ́hun á bá wa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Mùjídàt