Ọ̀dà Fàdákà Lójú Àwo

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀ọ̀dá mi àgbà, mo kí gbogbo ará Ìsùndùnrìn. Gbangba ni mo ti ń kọ èyí, nítorí gbangba náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá Ràúfù, ọmọ ìlú wa tó mú mi wá sí Abidjan láti máa gun òpó fóònù, kó lè gbà mí padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

Àwo ńlá kan wà lórí òpó wa tó ń gbé ọ̀rọ̀ fóònù lọ sí òpó kejì lókèèrè. Ó ní ìbòrí fẹ́ẹ́rẹ́ lójú, kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá àgbà fẹ́ wá bẹ iṣẹ́ wò, ni Ràúfù ọlọ́gbọ́n yìí bá ra ọ̀dà fàdákà tí wọ́n fi ń kun géètì nílé, ó ní ká fi kun ìbòrí náà kó lè máa dán. Mo ní irin wà nínú ọ̀dà yẹn, pé ohun tí àwo bá rán síta yóò forí sọ ọ́, yóò sì padà wá bá ẹ̀rọ tó rán an. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé Ìsùndùnrìn ni mo ti kọ́ ìyẹn, àti pé kí n máa pe òun ní ṣẹ́ẹ̀fù, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbí. Ọkùnrin tí kò gun àkàbà dé ìdajì rí!

Wọ́n kùn ún. Kó tó di ọ̀sán, fóònù gbogbo àdúgbò ti dákẹ́. Ó ní èmi ni mo tú wáyà, ó sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́ lójú àwọn ọ̀gá àgbà tó wá. Kí n tó lọ, mo gun òpó nínú òjò, mo tú ìbòrí náà kúrò, fóònù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ agbègbè wa, ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò níbí, pé òun lòun tún un ṣe. Ẹgbẹ́ dájọ́ pé ẹni tó kéré ni yóò bẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹ́ mà kú iṣẹ́ o.

Òjò ń rọ̀ ṣáá níbí, mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, àárò yín sì ń sọ mí. Síbẹ̀, mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo gbọ́ pé ó ti ra agolo ọ̀dà mìíràn. Bí ẹ bá pè mí tí kò lọ, ẹ má dààmú, mi ò kú. Ràúfù ló ń kun àwo.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùsílíù