Bírò Pupa Àlhájà

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Ogui New Layout,
                                        Enugu.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Adétọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìwọ ni ọmọ tuntun jọ. Bá mi bẹ ọmọ náà kó má bínú. Ara tèmi náà le, àfi ojú tó ń tì mí díẹ̀.

O rántí Àlhájà Sàbúrátù Ọláwuyì, ọmọ Ọ̀fà tó jẹ́ olùdarí níbi tí mo ti ń ṣe agùnbánirọ̀. Wọ́n ń fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, wọ́n sì ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ wọn tí wọn yóò kà lọ́jọ́ ìdágbére. Èmi náà ń parí lóṣù yìí. Mo bẹ̀ wọ́n fún lẹ́tà ìjẹ́rìí tí n óò mú lọ sí ọ́fíìsì kan ní GRA, níbi tí àyè iṣẹ́ kan ṣoṣo wà. O mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é: wọ́n ní kí n kọ ọ́ fúnra mi, àwọn yóò fọwọ́ sí i.

Tọ́lá, ẹni tó ń wáṣẹ́ tí wọ́n ní kó yin ara rẹ̀, kí lo rò pé yóò ṣe? Gbogbo gírámà tí a kọ́ ní Pólì ni mo tú sí i. Mo ní Ọbáfẹ́mi kì í pẹ́ dé, kì í purọ́, láti ọjọ́ tó sì ti dé ni ọwọ́ iṣẹ́ ìjọba ti yá. Kí tèmi má baà dá dùn, mo fi iyọ̀ sí ti Àlhájà náà: mo ní wọ́n la ọ̀nà ní Yola, wọ́n kọ́ afárá ní Calabar. Fáìlì ni wọ́n tọ́jú ní ìlú méjèèjì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò pé wákàtí kan. Àlhájà pè mí, wọ́n na bírò pupa sí ìwé náà.

"Ọbáfẹ́mi, níbo ni afárá mi wà?"

"Calabar ni, Mà."

"Ṣé ó ṣì dúró?"

Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ìlà pupa gba orí rẹ̀, afárá wó lójú mi. Ìlà mẹ́ta ló kù: ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, àti pé fáìlì kankan ò sọnù lọ́wọ́ wọn rí. Wọ́n tún un kà. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn ju afárá lọ.

Wọ́n wá fa tèmi jáde. Bírò yẹn ṣe é bí àgbò iléyá. Ohun tó ṣẹ́kù tí wọ́n ní kí n tẹ̀ nìyí: "Ó máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n kì í parọ́ ìdí tó fi pẹ́. Ó mọ̀wé kọ, bí ẹnìkan bá ń yẹ̀ ẹ́ wò." Wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo gbé ìtìjú náà lọ sí GRA lánàá, mo sì pẹ́. Bàbá tó gbà á kà á, ó bọ́ awò ojú. Ó ní èèyàn mọ́kànlá ló ti mú lẹ́tà wá pé àwọn kì í pẹ́ dé, gbogbo wọn ló sì pẹ́ dé. Kí ló wá dá èmi dúró?

Kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ wá sí mi lẹ́nu, òjò náà wá. Mo wo lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀. Mo ní oorun ni.

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ.

Bá mi kí Ìyá, kí o kí ìyàwó àti ọmọ tí mo bá kẹ́dùn. Lọ́jọ́ Ajé, jọ̀ọ́, pè mí láago mẹ́fà. Tí n kò bá gbé fóònù, tún mi pè.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń pẹ́ dé,
                                        Ọbáfẹ́mi.