Bàtì Tí Kò Lórúkọ Mi

Àtìní, 6 oṣù kẹwàá

Orúnkún ló jí mi kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Orúnkún tí mo fi ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì fún Pakistan lẹ́ẹ̀mejì péré kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sinmi. Èmi tí mò ń fọ́ bàtì oníbàtì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, nígbà náà, èmi náà ló wá ń gbẹ́ bàtì jẹun ní Sialkot. Ayé mà ń yí o.

Ọmọ Ọba pè — Danyal, olùgbá tí gbogbo ìlú ń pariwo rẹ̀. Ó fẹ́ bàtì tuntun fún àṣekágbá. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Eléyìí ti wúwo jù." Mo ní bí mo bá fá a jù, Yẹsẹ̀ á là á. (Bọ́ọ̀lù tó ń balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹsẹ̀ olùgbá — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí mò ń jù ú.) Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún ń ju ìyẹn, yàtọ̀ sí ẹ̀yin àgbà?"

Àlàrùba, 8

Mo fá a. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jiyàn.

Jímọ̀, 10

Mo lẹ sítíkà. Orúkọ iléeṣẹ́ ńlá tó ń sanwó fún Ọmọ Ọba, tí kò gbẹ́ bàtì kankan fún un rí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: èmi á gbẹ́, orúkọ wọn á wà lára rẹ̀, màá panu mọ́.

Ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà — ìyàwó mi ni, ta ló tún kù? "Bàbá Sumbal, ìgbà wo gan-an ni ọmọ yìí máa dárúkọ yín? Oníbàárà ò mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká ti ìsọ̀ yìí pa, ká sinmi." Mo ní ó ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá gba ife, òun á dárúkọ mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó pòṣé. "Ọdọọdún ni."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Àtàlátà, 14

Ìsọ̀ tíì Rafaqat. Ọmọ Ọba fi bàtì mi tó ní ó wúwo yẹn jẹ ayò ọgọ́rùn-ún. Rafaqat na fóònù sí mi lójú: "Wo bàtì! Gbọ́ bó ṣe ń dún! Ìwọ náà lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ yẹn, kí o yé fi igi ṣòfò." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Tíì mi ti tutù.

Àlàmísì, 16

Òjò. Orúnkún. Kò sí nǹkan míì.

Àìkú, 19

Àṣekágbá. Ó ku bọ́ọ̀lù kan, ó ku ayò mẹ́rin kí wọ́n gba ife, Ọmọ Ọba ló fẹ́ gbá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ jù ú sáré bọ̀. Mo rí ejìká rẹ̀, mo ti mọ̀. "Yẹsẹ̀!" Mo pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n bíi wèrè. Bàtì là sí méjì nísàlẹ̀, níbi tí mo fá gan-an. Wọ́n pàdánù.

Wọ́n na makirofóònù sí Ọmọ Ọba. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bú iléeṣẹ́ òun o, àwọn kọ́ ló ṣe bàtì yẹn, bàbá kan ní Sialkot ni. Ó wá dárúkọ mi. Tèmi àti ti bàbá mi, kedere, tí gbogbo ayé gbọ́.

Orúkọ tí mo ti ń retí látọjọ́ yìí!

Ìjọba pa tẹlifíṣọ̀n. Kò wo ojú mi. Ó ní kí n wá jẹun.

Fóònù ń dún. Rafaqat ni. Mi ò tíì gbé e.