Máṣíìnì Mi Ò Ní Lọ sí Ìlúpéjú

                                        Ilé Alhaji Mùktárù,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Múṣin, Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 1976.

Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́sẹ̀dé,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara yín le? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dé ẹ̀yìnkùlé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àràmídé ọmọ tiwa ti ń rákò, ohun tó bá rí nílẹ̀ ló ń kó sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ò wọ́n nílẹ̀ wa. Ọlọ́run ló ń bá mi ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi. Ẹ má bínú pé mi ò kí yín tó bó ṣe yẹ.

Ẹ rántí kọ́ńpìnnì Ìlúpéjú tí mò ń bá rán yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n á gé aṣọ, Christopher tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ á kó o wá fún wa, a á rán an nílé, wọ́n á sanwó iye tí a bá rán. Tí tiwọn ò bá sí, mo máa ń rán ti ará àdúgbò. Máṣíìnì tèmi, òwú tèmi, àtùpà tèmi. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ìgbà wo ni mo jí.

Ló bá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Christopher kó àgírímẹ́ǹtì wá, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní ká tẹ̀ka sí i, pé ìwé lásán ni. "Lásán" yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ìwé lásán kì í wá ìka èèyàn kiri. Mo ní epo máṣíìnì wà lọ́wọ́ mi, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó ṣe lọ báyìí, mo gbé e tọ Gertrude ará yàrá kejì, tó ń tẹ̀wé lọ́fíìsì kan ní Yaba. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti di òṣìṣẹ́ wọn, ká gbé máṣíìnì wa wá sí Ìlúpéjú, ká máa wọlé láàárọ̀ ká máa jáde nírọ̀lẹ́, ká má rán aṣọ ẹlòmíì mọ́, ká má sì gbé ọmọ wọlé. Ó wá ní nísàlẹ̀ ìwé kan náà, wọ́n kọ ọ́ pé bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá, tàbí abẹ́rẹ́ gún un, kó tọ́jú ara rẹ̀, torí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ ná. Tó bá di iṣẹ́, tiwọn ni wá. Tó bá di àìsàn, wọn ò mọ̀ wá rí.

Bàbá Àràmídé ní kí n tẹ̀ka, kí n má da iyanrìn sí gàrí wa.

Àṣé gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mò ń kúnlẹ̀ kí Christopher torí ó jù mí lọ, ó ti kà á sí pé ọmọọṣẹ́ òun ni mí. Ìdíátù tí a jọ ń rán aṣọ náà sọ fún mi pé "àwọn ọmọ mi ní Múṣin" ló ń pè wá níwájú òyìnbó wọn. Ọmọ ta? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ẹ rí bí ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ ṣe gbọ́wọ́ lé mi lórí, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní mo ti sìn tán.

Nígbà tí Christopher padà dé, mo kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo dìde, mo gbé aṣọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tí mi ò tẹ̀ka sí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Christopher, ìkíni ni mo kúnlẹ̀ fún. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni mo sìn níṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti tú mi sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Àràmídé, ṣé fírídọ́ọ̀mù lo máa sè fún ọmọ? Wàá wá bá mi."

Kò gbé aṣọ wá mọ́. Ìdíátù ní tiẹ̀ tẹ̀ka. Wọ́n fi ọmọlanke gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lára bí ẹni sàmì sí màlúù. Èmi ló ń gbé ọmọ rẹ̀ wá bá láràárọ̀, ọmọ tí ò tíì lè jókòó. Ìyá á máa sunkún lọ, ọmọ á máa sunkún lọ́wọ́ mi. Lánàá mo fún un lọ́yàn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Ẹ bá mi kí ọ̀gá mi, kí wọ́n fi mí sádùúrà. Ẹ kí àwọn ọmọ. Búbá méjì péré ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán, Bàbá Àràmídé ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o, ṣùgbọ́n nílé ara mi ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

                                        Èmi àbúrò yín tòótọ́,
                                        Kíkẹ́.