Ìwé Mi Lórí Sẹ́ẹ̀lì Sólà Ti Rí Ẹni Kà Á

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àìrí ara wa. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ní Enugu, ọyẹ́ sì ti ń bọ̀. Láàárọ̀ òní mo gba Ogui kọjá, mo yọjú wo ilé tí a yá gbé nígbà tí ìjọba gbé iṣẹ́ yín wá síbí láti Òṣogbo. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Mo wo ojú fèrèsé tí ẹ máa ń to bátìrì rédíò sí kí oòrùn lè pa á, kí rédíò náà tún lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Màámi a fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ rántí ìwé ìwádìí mi àkọ́kọ́ tó jáde nínú jọ́nà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí ẹ gbé jígí ojú sí góńgó imú, tí ẹ kà á tán pátápátá láìmọ ohun tó ń sọ. Ẹ wá ní, "Ó dára o. Ta ni yóò kà á?"

Ohun tí mo kọ kò ju báyìí lọ. Sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú páánẹ́ẹ̀lì sólà. Bí oòrùn bá kọ́kọ́ pa á, agbára rẹ̀ a máa dínkù. Mo rí i pé tí a bá mú un gbóná lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ líle kí a tó lò ó, agbára náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Mo rò pé gbogbo ayé yóò gbọ́. Títí ẹ fi fi wá sílẹ̀, kò sí onímọ̀ kankan tó tọ́ka sí i nínú ìwé tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni ímeèlì kan wọlé láti ilẹ̀ òtútù. Obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí mo kọ, kò sì ṣiṣẹ́. Ó bi mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá àwọn ló ṣì í ṣe, tàbí èmi.

Bàbá, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní yunifásítì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"My sister, no answer am first. Make promotion land."

Ire mi ló ń wá. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jẹ oyè lórí iṣẹ́ tí kò dá mi lójú? Mo kọ̀wé sí obìnrin náà pé kó fún wa láyè, a ó tún un ṣe.

Èmi àti Ngozi, akẹ́kọ̀ọ́ mi, la fi gbogbo ìgbà òjò tún un ṣe. Lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó kọ̀. Ó sú mi débi pé mo fẹ́ jáwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú yàrá ìwádìí wa, Ngozi nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo páànù orí wa.

"Ma, this our room na oven. E no dey ever cold."

A wo ara wa. Àṣé ooru yàrá wa ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wa tètè tutù lẹ́yìn tí a bá ti mú un gbóná! Tiwọn ń tutù wàràwàrà nínú òtútù wọn. A ní kí wọ́n jẹ́ kó máa rọra tutù. Nígbà tí èsì dé, Tèmi, ọmọ ọmọ yín tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara, ló kọ́kọ́ rí i lójú fóònù mi, ló bá figbe ta: "Mummy, e don work!" Gbogbo àdúgbò wa ní Trans-Ekulu ló gbọ́.

A jọ kọ ìwé kejì, àwa obìnrin mẹ́ta: èmi, Ngozi, àti obìnrin ilẹ̀ òtútù yẹn. Ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ padà lọ ka ti àkọ́kọ́. Lónìí, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń tọ́ka sí wa láti àwọn ìlú tí mo ní láti wá lórí máàpù kí n tó mọ ibi tí wọ́n wà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ́ kó rọra tutù bí a ṣe wí. Ìgbéga náà pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, Bàbá. Kí ni ẹ ò bá máa pè mí báyìí?

Ohun tó dùn mọ́ mi jù wá ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ngozi gbé ìwé tirẹ̀ wá. Ó ní àlàyé tí mo ṣe nípa ìdí tí agbára sẹ́ẹ̀lì náà fi ń dúró kò tọ̀nà tán, ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè jókòó.

"Ma, abeg, no vex."

Mo kà á, mo tún un kà. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ṣé bó ṣe máa ń rí lára yín nìyẹn, nígbà tí ọmọ bá ga jù yín lọ?

Ọkàn mi ń fà sí yín, Bàbá. Ẹ sinmi dáadáa.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tí kò gbàgbé yín.