Aṣọ Òkú tí Mo Dá Padà

Ìlú Òsì, Ọjọ́bọ̀, 1969

Kí n tó kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rárá ni mo ti dá aṣọ òkú tó rà fún mi láti fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi padà fún un. Ó rẹ̀ mí.

Sójà kan tó sá kúrò ní àhámọ́ ọ̀tá ló wá sílé wa láàárọ̀. Ó ní ọkọ mi ló dá dúró, tó ń yìnbọn, títí àwọn tó gbọgbẹ́ fi kọjá odò. Ìgbà tí ọta rẹ̀ tán ni wọ́n mú un láàyè.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó, ẹni ogun bá mú, òkú ni. Fá irun rẹ, kí àbúrò wa ṣú ọ lópó."

Mo ní, "Bàbá Adé, bí òkú yín bá wọlé ńkọ́, ta ni yóò kí i káàbọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò bi ẹbí ní ìbéèrè yẹn. Àbúrò yẹn ti ń dé fìlà ọkọ mi.

Mi ò fárí. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni mo ń retí èsì wọn.