Ọdún Méjì Lábẹ́ Àwòrán

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2025.

Mùlíkàt, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyá Yínúsà,

Báwo ni ìlú Ìyìn? Yínúsà ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé aṣọ ń tà ní ṣọ́ọ̀bù? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wò ó sàn, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àdúrà mi. Bí ó bá ti ń dùn ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, o ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Èmi náà wà, ara mi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti wá bá mi ṣọ̀fọ̀ ara mi.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Mi ò pè ọ́ nítorí pé wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ẹkún rẹ kì í sì í pẹ́ dé. Ìwé kì í sunkún. Jókòó, kí o kà á tán.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, àwọn obìnrin ìjọ wa mẹ́rin wá sílé mi láàárọ̀ pẹ̀lú gèlè dúdú. Èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀bùnọlá, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì ń fà sẹ́yìn títí ó fi tẹ ìkòkò òdòdó mi fọ́. Wọ́n ti rí pósítà kan ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ojú mi ló wà lórí rẹ̀, ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ọdún méjì sì wà nísàlẹ̀: 1958 – 1983. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Ibi tí a bá ti rí àwòrán ènìyàn pẹ̀lú ọdún méjì lábẹ́ rẹ̀, a kì í bèèrè ohun mìíràn mọ́, a ó kàn lọ wá aṣọ dúdú ni. Mo bi wọ́n pé bí mo bá kú ní 1983, ta ló ń bá wọn ṣe ìpàdé láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní àwọn rò pé onítẹ̀wé ló ṣi ọdún kọ. Ẹ̀bùnọlá ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ á dúpẹ́ pé urọ́ ni, ukú mà burú o." Mi ò fún wọn lómi mu.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Adébáyọ̀ lọ wò ó. Kì í ṣe pósítà òkú. Ti àwo orin Olúwafẹ́mi ni, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tí mo rán lọ sí yunifásítì kí ó lè jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba, tó wá di olórin rọ́ọ̀kì ní ìlú tí kò sí ẹni tó ń jó o. Àwòrán tó yà fún àwo náà ló tẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Mo dúró síwájú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń dúró síwájú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Dúdú tó yí mi ká, mo ní ibojì nìyẹn. Ọdún méjì yẹn, mo ní ó ń bá mi ka ọjọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ya igi ìdáná mẹ́ta tí iná ń jó lórí wọn, èéfín wọn sì gòkè lọ yí àwòrán mi po. Mo ní ọ̀run àpáàdì ni. Èmi tí mo kọ́ni ní Ìmọ̀ Bíbélì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi dáná ọ̀run àpáàdì sábẹ́ ìdí mi kí gbogbo awakọ̀ Adébáyọ̀ lè máa wò ó. Mi ò mú awò ojú mi dání lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo rí èyí tí mo fẹ́ rí.

Ó tún wá ku gìtá tó wà lórí itan mi nínú àwòrán náà. Mùlíkàt, ẹ̀dà méjì péré ni fọ́tò tó wò yà á ní. Mo ti fa tèmi ya. Èyí tó kù wà nínú àpótí rẹ ní Ìyìn. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìgbà tí mo rántí àpótí yẹn ni mo yọ orúnkún rẹ kúrò nínú àdúrà.

Mo délé, mo pè é. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé mo fẹ́ yin òun. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni mo ní ó kú. Ọmọbìnrin tó ń ta gìtá yẹn ni." Ó ní kí n jọ̀ọ́ gbọ́ orin àkọ́kọ́, ó ti fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù mi. Mo ní mo ti gbọ́ igbe ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ inú òjò rí, mi ò nílò rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní ikú ṣe bàbá rẹ̀ lóore tó tètè mú un lọ kó má bàa rí i. Ojú rẹ̀ yí padà. Inú mi dùn nígbà tó yí padà, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Ọlálérè, onítẹ̀wé tó bá a ṣe pósítà náà, tó jẹ́ pé ti òkú ló ń tẹ̀ jù. Mo fún un ní fọ́tò Olúwafẹ́mi, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tẹ tọ̀hún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, kí ó kọ ọdún méjì sísàlẹ̀: 1988 – 2025. Ọlálérè ṣí fìlà. Ó ní ṣé Fẹ́mi tó wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Màmá, ìyá kọ́ ló yẹ kó wá tẹ pósítà ọmọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́?" O mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í dé ibi òkú ọmọ, ká má tíì wá sọ pé kó gbé àwòrán rẹ̀ kiri. Mo ní kò ní àbúrò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ pé ọmọ mi kú, mi ò sì sọ pé kò kú.

Mo ro èkọ gbígbóná tó ki dáadáa, mo sì fi ọwọ́ ara mi lẹ pósítà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí Ọlálérè tẹ̀ mọ́ ògiri ní Adébáyọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Olúwafẹ́mi fi àwòrán mi ṣe. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, a ó fi ìkejì fà á mọ́ra. Ọwọ́ mi méjèèjì ló kún fún èkọ lọ́jọ́ náà.

Ọlálérè ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tí òun rí Fẹ́mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fẹ́ẹ̀ sá, òun rò pé òkú ló ń rìn bọ̀. Ó ní Fẹ́mi dúró níwájú àwa méjèèjì lórí ògiri, ó fọwọ́ kan ọdún tirẹ̀, ó wá bèèrè pé ta ló mú iṣẹ́ yìí wá. Nígbà tó gbọ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo dé yàrá tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀, gìtá kò sí.

Ọjọ́ kẹwàá tó ti lọ ni mo tó fi awò sójú, tí mo ṣí àwòrán náà lórí fóònù, tí mo fi ìka fẹ̀ ẹ́. Igi ìdáná àárín ní orí. Orí náà sì ní àwọn ìṣó kéékèèké mẹ́fà tí a fi ń fún okùn gìtá. Kì í ṣe ọ̀run àpáàdì. Ilé ìdáná ìyá mi ni, lọ́dún 1983, ọjọ́ tí àwọn àna mi wá, tí wọ́n ní ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn kì í gbé gìtá kọ́rùn. Èmi fúnra mi ni mo fi àáké la gìtá mi, tí mo fi se iṣu iyán tí wọ́n jẹ. Ìwọ lo ń fẹ́ iná náà, o ní èéfín ló ń mú ojú rẹ ṣomi. Ẹnu rẹ ni Olúwafẹ́mi ti gbọ́ ọ. Èmi ìyá rẹ̀ nà án nítorí gìtá ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, mi ò sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé èmi náà ta á rí.

Mo wá gbọ́ orin náà. Gìtá nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, okùn bíi mẹ́rin tó dún pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìlù, kò sí ariwo. Mo wo ọwọ́ òsì mi lọ́rùn gìtá nínú àwòrán. Ohun tí àwọn ìka mi dì mú níbẹ̀ gan-an ló fi ṣílẹ̀kùn orin rẹ̀. Ó ti wo ìka mi títí ó fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo rọ́ọ̀kì dé. Mi ò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dópin. Mo sunkún, Mùlíkàt. Má fi ṣe ayọ̀.

Mo padà lọ yọ àwọn pósítà tí mo lẹ̀. Èkọ ti gbẹ. Mo lo omi, mo lo ọ̀bẹ, síbẹ̀ ìdajì ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri kan, ẹyinjú kan àti etí kan, pẹ̀lú 2025. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, àwọn tí mi ò mọ̀ rí a máa kí mi pé, "Yèyé, ẹ kú urọ́jú o." Lákọ̀ọ́kọ́ mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ mi ò kú. Níjẹta, mo gbọ́ tí mo dáhùn pé ẹ ṣé.

Ọ̀dọ̀ rẹ ni Olúwafẹ́mi wà. Má purọ́ fún mi, má sì jẹ́wọ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí láti 1983, inú mi ò sì tíì yọ́ sí ọ. O tú ohun tí mo rì mọ́lẹ̀ láìbi mí, a ó jà sí i nígbà tí a bá ríra. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o bá mi sọ fún un. Sọ fún un pé ó ṣe àṣìṣe níbẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Ìka òrùka kò sí lórí okùn tó rò. Ẹ̀yìn ìka àárín ló fara pamọ́ sí, fọ́tò kò lè fi hàn án, bó ti wù kó wò ó tó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Àfi kí ó wá sílé, kí n fi ọwọ́ mi gbé ìka rẹ̀ síbẹ̀.

Bá mi kí Yínúsà àti ìyàwó rẹ̀, kí o sì bá mi gbé àwọn ọmọ wọn mọ́ra. Máa fi òróró gbígbóná ra orúnkún yẹn. Mo ti dá a padà sínú àdúrà láti òní.

Èmi ni tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀, láàyè,
Monínúọlá.